Tíṣà Tó Ń Bi Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Léèrè Ìdílé

Ọjọ́ tí Tíṣà Gbádégẹṣin dìde ní kóòtù kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Ìkẹ̀rẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó sì fẹ́ràn kí ó máa lọ jókòó sẹ́yìn kóòtù, kí ó máa fetí sí Gẹ̀ẹ́sì àwọn agbẹjọ́rò. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gideon ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó lu ẹnìkan ní gáréèjì. Agbẹjọ́rò nawọ́ sí i, ó ní "villain" paraku ni. Ni Tíṣà bá dìde.

"Olúwa mi," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa béèrè ìdílé ọ̀rọ̀ yẹn. Àgbẹ̀ tó ń ro oko olówó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn olówó ló bà á lórúkọ jẹ́. Àgbẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn."

Adájọ́ ní kí ó bọ́ síta. Ó tẹríba, ó bọ́ síta, ó sì dúró lábẹ́ igi títí wọ́n fi gba onídùúró Gideon. Gideon wá dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àgbẹ̀ o. Dírẹ́bà ni mí."

Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Tíṣà olóògbé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsìnkú rẹ̀. Motọ́láyọ̀, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìsẹ̀, bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Bàbá Bámigbóyè, olórí ẹbí, ti sọ pé Pẹ̀lúmi, àbúrò Motọ́láyọ̀, kò ní bu erùpẹ̀ sórí pósí bàbá wọn. Nínú agbo ilé wọn, ọmọ tí wọn kò bá jẹ́ kí ó bu erùpẹ̀, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ kò bí i ni.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Pẹ̀lúmi ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, ó kù díẹ̀ kí ó jáde, ni ó pa ìwé tì, ó gba Emùré lọ, ó ń gbin iṣu. Bàbá tó gbèjà àgbẹ̀ níwájú adájọ́ wo ọmọ tirẹ̀ lójú, ó pè é ní "villain", ó ní kí ó má tẹ ilé òun mọ́. Lọ́jọ́ náà, kò rántí béèrè ìdílé ọ̀rọ̀.

Wọ́n tún ń sọ ti àlùfáà tuntun. Lẹ́yìn ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́, Tíṣà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ìwàásù náà "awful" gan-an. Àlùfáà kò lè jẹun ọ̀sán. Nígbà tí Tíṣà gbọ́, ó mú un lọ sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, ó ní kí ó gbójú sókè wo àpáta náà. Ó bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Àlùfáà ní ara òun bù máṣọ, bí ẹni tó dúró níwájú ohun ńlá.

"Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ nìyẹn kí àwọn aláìmoore tó sọ ọ́ di èébú," Tíṣà wí. "Bí ìwàásù yín ṣe ṣe èmi náà nìyẹn."

Àlùfáà dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi Yorùbá yin òun.

Ìyá Jọkẹ́, aládùúgbò wọn, rántí ìgbà tí òun pe ọmọ-ọmọ Tíṣà, Ayọ̀mikún, ní "naughty". Tíṣà ní ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níjọ́sí. Ó wọlé, ó mú bisikíìtì wá fún ọmọ náà. "Ó ti ní nǹkan lọ́wọ́ báyìí," ó ní. "Ẹ wá orúkọ mìíràn fún un."

Ẹ̀rín sọ. Bí ó ti rọlẹ̀ ni Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Bámigbóyè.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi nítorí Pẹ̀lúmi."

"Bàbá rẹ ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Kò sì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ títí ó fi kú."

Motọ́láyọ̀ wá sọ ti iṣu tuntun ọdún náà. Ẹ̀yin ará mọ̀ pé nínú agbo ilé wọn, bàbá tó bá ní ọmọ tó ń roko kì í jẹ iṣu tuntun ẹlòmíràn kí ti ọmọ náà tó dé. Gbogbo ìlú ti jẹ iṣu, àwọn ará ìjọ ti gbé tiwọn wá, Tíṣà ń mu gààrí. Ó ní dókítà ló ní kí òun má fẹnu kan iṣu. Motọ́láyọ̀ lọ bá dókítà. Dókítà ní òun kò bá a sọ̀rọ̀ iṣu rí. Nígbà tó yá, Pẹ̀lúmi fi iṣu rán Motọ́láyọ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní láti Emùré ni. Bàbá wò ó títí, ó ní kí ó lọ gbé odó.

"Mo ní, dókítà ńkọ́? Ó ní dókítà kò tíì rí irú èyí. Ó wá gbé ọwọ́ lé iṣu náà, ó gbàdúrà fún ẹni tó gbìn ín. Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí àdúrà náà, Bàbá, ó pẹ́ púpọ̀."

Kérésìmesì ni Motọ́láyọ̀ fẹ́ fi mú bàbá àti ọmọ jókòó pọ̀. Ikú kò dúró dè é.

Bàbá Bámigbóyè ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ó jẹ uṣu ọ̀hún?"

"Ó jẹ ẹ́, sà. Ó tún ní kí n bu sí i."

Àgbà náà mi orí. "Olórí líle ọkùnrin. Kò lè kó ọ̀rọ̀ jẹ, ó wá lọ jẹ uṣu." Ó nu ojú rẹ̀. "Ní kí àbúrò rẹ wọ ulé wá."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́bàá sàréè, Motọ́láyọ̀ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ tirẹ̀, ó sì yẹ̀ fún Pẹ̀lúmi. Pẹ̀lúmi bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́. Kò dà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò fọ́ ọ wò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń ṣe, ó gbóòórùn rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Ilẹ̀ yìí dára, Bàbá," ó wí, bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ó wá rọra dà á lé bàbá rẹ̀ lórí.