Síkánà Tí Mo Rà Ní Ìṣẹ́yìn

Ìyá Olùkọ́ tẹ́ bánà tí mo bá wọn ṣe sórí tábìlì mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án kí ó má baà ká, wọ́n wá bi mí pé, "Táyé, ta nìyí?"

Mo ní, "Bàbá ni, mà."

"Bàbá ta?"

Mo wo bánà náà dáadáa. Fìlà bàbá wà níbẹ̀, agbádá wà níbẹ̀, àga tí wọ́n jókòó lé náà wà níbẹ̀. Ojú wọn ló ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, lọ́tùn-ún àti lósì, kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ọkùnrin tí mo fẹ́ ní ilà," ni Ìyá Olùkọ́ wí. "Ilà yẹn ni mo fi ń dá a mọ̀ láàárín èrò ní gáréèjì. O wá fún mi lọ́kọ tuntun lọ́jọ́ ogbó. O ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́. Gbà á padà."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìsìn ìrántí ọkọ wọn ti sún mọ́lé, fótò tí mo fi ṣe bánà náà sì ni ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ní tí ojú bàbá ti hàn kedere. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Wọ́n fi ìborùn wọn wé fótò náà, wọ́n gbé e lọ. Wọn kì í fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e wá, wọ́n á jókòó tì í títí n ó fi ṣe tán.

Iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe ní Ṣakí láti ìgbà èwe mi. Nígbà tí fóònù dé, tí olúkúlùkù di oníyàwòrán fún ara rẹ̀, fótò àtijọ́ ló kù tó ń gbé oúnjẹ wá. Àwọn èèyàn a máa kó o wá láti inú àpótí aṣọ, láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé kí a tún un ṣe, kí a sọ ọ́ di ńlá. Síkánà la fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ pẹrẹsẹ kan ni, a ó dojú fótò dé orí gíláàsì rẹ̀, iná á rìn kọjá lábẹ́, àwòrán náà á sì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Èyí tí mo ní nígbà náà, ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan ni wọ́n so ó mọ́. Ó ní ohun kan tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀: bó bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára fótò, á rò pé wọ́n ha á ni, á sì pa á rẹ́. Ó pa ilà bàbá rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹní ń nu ìdọ̀tí. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohun náà, mo pa á, mo ní kí Ìyá Olùkọ́ gbé fótò padà wá. Ilà yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yọ bí ohun tí a ń wò láti inú ọyẹ́. Fótò náà ti ká, kò lè fi ara lé gíláàsì dáadáa, ẹ̀rọ mi kò sì lè rí ohun tó bá gbé ara sókè díẹ̀. Ìyá Olùkọ́ wò ó, wọ́n mi orí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé n ó ra síkánà gidi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n tètè lọ. Èèyàn tó ń bẹ̀rù ni mí. Ìbejì ni wọ́n bí mi. Nígbà tí èéyi jà ní Ogbooro, èmi àti Kẹ́hìndé la jọ dùbúlẹ̀, èmi nìkan ni mo dìde. Nílé wa a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ sọ́jà ni. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ mi: má gun igi, má dé odò, má jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Mo ti di bàbá ọlọ́mọ, síbẹ̀ bí òjò bá ṣú, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo wáyà ṣọ́ọ̀bù lára iná. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Dámi, Ilua ni òjò yẹn wà. Kò tíì mọ̀ pé ẹ wà láyé."

Fótò kan sì wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ọmọ kékeré méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kọ́tìnì olódòdó wà lẹ́yìn wọn. Ìyá mi ló fún mi nígbà tí mo kó sílé ara mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wà lósì. Kẹ́hìndé ló wà lọ́tùn-ún." Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Fótò, ni wọ́n yà á, kí n tó mọ̀ pé n ó di ọmọọṣẹ́ wọn.

Bàbá Fótò kan náà ló kọ́ mi ní ohun tí a máa ń ṣe bí Ìyá Ìbejì bá mú ọmọ kan ṣoṣo wá. A ó gbé ọmọ náà jókòó lósì, a ó yà á. A ó gbé e lọ sọ́tùn-ún, a ó tún un yà. Nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fótò, a ó fi páálí bo ìdajì pépà, a ó tẹ èyí òsì síbẹ̀, lẹ́yìn náà a ó bo ìdajì yẹn, a ó tẹ èyí ọ̀tún. Ìbejì á pé lórí pépà kan. Ojú ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé, kọ́tìnì la fi ń pa á mọ́, a ó jẹ́ kí ó ṣẹ́ po níbẹ̀. "Ìyá kì í béèrè bí o ṣe ṣe é," ni ọ̀gá mi wí. "Ìwọ náà má ṣàlàyé."

Mo ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ìyá bíi mélòó kan. N kò béèrè nípa tèmi lọ́wọ́ ọ̀gá mi, àwọn náà kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi papòdà. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í wo fótò yẹn pẹ́. Mo máa ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára ajá tí kò dá a lójú bóyá wọ́n so ó.

Ìṣẹ́yìn ni Alájì tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ á sọ fún ọ pé má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ra síkánà. Gbé fótò tó ṣòro dání, kí o fi dán an wò. Kí ó jẹ́ èyí tó ká, tí aṣọ dúdú wà nínú rẹ̀, tí ohun tín-ín-tín sì wà lára rẹ̀ tí o lè wá. Mo bẹ Ìyá Olùkọ́ pé kí wọ́n yá mi ní ti bàbá. Wọ́n ní, "Fótò ọkọ mi kò ní wọkọ̀ lójú ọ̀nà tí a wà yìí."

Ìyàwó mi gbọ́. Ó bọ́ sí pálọ̀, ó sì gbé tiwa sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. "Èyí ti ká. Ó dúdú. Ó ti pẹ́. Kí lẹ tún ń wá kiri?"

Mo yọ fótò náà nínú férémù, mo fi aṣọ ìnura dì í, mo sì gbé e mọ́ àyà wọ ọkọ̀. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń sùn lójú rẹ̀ lásìkò àwọn ajínigbé yìí. Gbogbo igbó tí a kọjá ni mo ń wò. Ìyá kan tó ń lọ sí Òtu wò mí, ó wo ohun tí mo gbá mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ tuntun ni?"

"Fótò ni."

"Ẹ ṣí i lójú kó mí."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tú u.

Síkánà méjì ni Alájì gbé síwájú mi. Tuntun ni ọ̀kan, ó fẹ́lẹ́ bí àwo ìjẹun, inú páálí ló ti yọ ọ́. Ìkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ó nípọn, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Alájì na ìka sí nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí. "Ẹ wo bó ṣe ga tó. Kò sí ohun tí èyí ò ní rí."

Nọ́ńbà yẹn, tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ríran tó, pín sí oríṣi méjì: èyí tí ojú ẹ̀rọ rí lóòótọ́, àti èyí tí ẹ̀rọ fi àbá gbé kún un. Èyí tó ga jù ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Mo tú aṣọ ìnura, mo dojú fótò dé gíláàsì, mo pa gbogbo ohun tó ń ṣàtúnṣe fúnra rẹ̀. Iná rìn kọjá kíá. Mo fa àwòrán náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà Alájì. Ọmọ méjì, kọ́tìnì kan, gbogbo rẹ̀ nínú kùrukùru. Irú èyí máa ń lẹ ojú mọ́ gíláàsì ni, ohun tó bá gbéra kúrò níbẹ̀ ti ṣú lójú rẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́. Àyà mi ló balẹ̀. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ di èyí fún mi."

Alájì wò mí. "Ẹ̀gbọ́n Fótò, ẹ ò tíì wo ìkejì."

"Ó ti wúwo jù."

"Ṣé orí lẹ fẹ́ rù ú ni? Ẹ wò ó ná. Ẹ ò lè ti Ṣakí wá ra ohun tó wà ní Ṣakí."

Ó gba fótò náà lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé. Irú ẹ̀rọ yìí ní dígí àti lẹ́ǹsì nínú bíi kámẹ́rà, ó lè rí ohun tó gbéra sókè. Iná rẹ̀ rọra ń rìn bí ẹni ń kàwé tó yé e. Lára ṣòkòtò àwọn ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ ti rí ìyàtọ̀. Ibi tó ti jẹ́ dúdú kìkì láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìránṣọ wà níbẹ̀. Mo fa àwòrán lọ sókè. Òdòdó ara kọ́tìnì dé àárín, ó gé. Ìdajì rẹ̀ yòókù wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kò bá a mu.

Mo wá ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Mo ní àpá iná lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, láti ìgbà tí mo ti ń rákò. Ọmọ òsì ní in. Ọmọ ọ̀tún náà ní in.

"Ìbejì!" ni Alájì wí. "Wọ́n mà jọra o. Wọ́n dà báyìí?"

"Ọ̀kan ló wà níwájú yín yìí. Ọ̀kan lọ sọ́jà."

Ọmọ Yorùbá ni Alájì. Ó mọ ọjà tí mo ń wí. Ó rọra ní, "Èwo ni kí n dì?"

Èyí tó fẹ́lẹ́ lọkàn mi ń fẹ́. Bí mo bá gbé e lọ, kùrukùru á bo àpá yẹn, Kẹ́hìndé á sì wà lára ògiri mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá fi kùrukùru bo àpá yóò fi bo ilà bàbá náà. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Olùkọ́ bí ẹni pé wọ́n dúró sẹ́yìn mi: Bàbá ta?

Mo ní, "Èyí tó wúwo."

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ sí Ogbooro, mo mú fótò náà tí mo ti tẹ̀ tóbi dání. Ìyá mi ń sá èlùbọ́. Títí di òní, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo fi àwòrán náà hàn wọ́n.

"Màámi, ẹ ní Kẹ́hìndé ló wà lọ́tùn-ún."

"Òun ni."

"Àpá ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gba àwòrán, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún gbé e súnmọ́ ọn. "Ọ̀gá rẹ ò sọ fún ọ?"

"Wọn ò sọ."

"Mo rò pé o ti mọ̀. Ṣebí ìwọ náà ń ṣe é fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n fi ìka kan ojú ọmọ òsì. "Ẹkún lo ń sun níbí. A fún ọ lákàrà, o kọ̀. Mo pọ̀n ọ́, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀, o kọ̀. Báyẹn ni wọ́n ṣe yà á. Wọ́n wá ní kí n gbé ọ lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ìdí rẹ ṣe kan bẹ́ǹṣì, o dákẹ́. Ò ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ lósì, níbi tí o ti dìde. Mo sọ fún Bàbá Fótò pé Kẹ́hìndé ti dé. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kò dé."

Wọ́n dá àwòrán náà padà fún mi, wọ́n ń sá èlùbọ́ wọn lọ.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún ṣí i lójú kọ̀ǹpútà. Àpá ni mo ti ń wá tẹ́lẹ̀, n kò wo ojú. Ipa omi kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ òsì, ó tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọ̀tún gbẹ, ojú rẹ̀ sì yí sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó rí ẹni tó mọ̀. Èyí tí mo tẹ̀ tóbi ni mo gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. N kò dí ojú ibi tí òdòdó ti gé.

Ìyá Olùkọ́ gba bánà tuntun kí ìsìn tó dé. Wọ́n fi ìka tọ ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, wọn kò wo ojú mi rárá. Wọ́n wá kí bánà náà pé, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Túndé."

Mo ṣì ń yọ wáyà bí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá nu gíláàsì síkánà yẹn tán, kí n tó gbé fótò oníbàárà lé e, tèmi ni mo fi ń dán an wò. Bí omi bá hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sì gbẹ, mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.