Kò Pariwo

Láti ìgbà tí obìnrin náà ti di ahunṣọ, àárín ariwo ló ń gbé. Nínú gbọ̀ngàn wọn, bí o bá ké tantan sétí ẹnìkejì rẹ, ẹ̀rọ ni yóò dá ọ lóhùn. Nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀: wọ́n ń fi ọwọ́ kíra wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣòfófó, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bú ọ̀gá lójú ọ̀gá.

Lọ́jọ́ náà, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hunṣọ, tí obìnrin náà ń pè ní Agùntáṣọọ́lò, na ọwọ́ òsì sókè, ó ya ìka márààrún, ó tẹjú mọ́ ẹni tuntun tí wọ́n fi síbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Gbogbo ahunṣọ ló mọ ìtumọ̀ àmì náà: pa á, ọwọ́ mi kan ti há. Ẹni tuntun náà ń wò ó ṣáá. Wọn ò tíì kọ́ ọ ní èdè ọwọ́. Ẹ̀rọ jẹ ọwọ́ ọ̀tún Agùntáṣọọ́lò dé ọrùn ọwọ́.

Obìnrin náà nìkan ló rí i. Bí ẹ̀bi bá já lé Agùntáṣọọ́lò lórí, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó gbọ̀nà ọ́fíìsì lọ láti sọ òótọ́.

"Màmá, ṣé ó pariwo?" mánéjà bi í.

"Ọ̀gá, ta ní ń pariwo níbẹ̀? Bí àrá bá sán gan-an—"

"Ó pariwo àbí kò pariwo?"

"Kò pariwo."

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lókè. Ó ń fi sọ̀rọ̀."

"Áà. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, òun ń tàkúrọ̀sọ."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ó ń..." Ó wá ọ̀rọ̀ náà tì. Ó na ọwọ́ sókè, ó ya ìka, ó tẹjú mọ́ ọn. Mánéjà wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ògiri.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ti là wá lójú."

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tirẹ̀ ò kùtà. Wọ́n rà á tán pátápátá.

Nígbà tó dé ọsibítù, Agùntáṣọọ́lò ti gbọ́.

"Ìyàwó, wọ́n ti lé mi. Wọ́n ní ẹnu rẹ làwọn ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní mi ò pariwo, wọ́n ní mò ń tàkúrọ̀sọ. Kí lo sọ fún wọn?"

Ó yanu. Ó fẹ́ sọ pé òun purọ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán síbẹ̀. Ó yẹ ọ̀rọ̀ tó sọ fún mánéjà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí irọ́ kan níbẹ̀.