Ohun Tí Bàbá Kò Kọ Sínú Ìwé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Ọlágòkè, bàbá mi, kì í ṣe ògidì alágbẹ̀dẹ, irọ́ ló ń pa. Ní Ìṣẹ́yìn níbí ló ti rọ ẹ̀rọ tó ń yọ kóró lára òwú: ọ̀pá irin méjì tó fara kanra, tí à ń fọwọ́ yí. Òwú tí Ìyá mi ń fi ọjọ́ mẹ́ta yọ, ẹ̀rọ yìí á parí rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bàbá wá ń fẹ́ ìwé àṣẹ ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ọgbọ́n rẹ̀ lò. Tíṣà Mákindé bá a kọ̀wé sí Èkó.

Èsì dé lọ́dún 1917. Wọ́n ní àlàyé rẹ̀ kò tó, pé alágbẹ̀dẹ mìíràn kò lè tibẹ̀ rọ ẹ̀rọ tó máa ṣiṣẹ́. Kó tún un kọ láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Inú bí Bàbá. "Kí ló kù tí mi ò sọ?" Ó ní kí wọ́n ka àlàyé tí Tíṣà kọ náà sétí Ràmọ́nì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí, kó rọ tirẹ̀. Ràmọ́nì rọ ọ́, òwú lọ́ mọ́ irin pinpin. Bàbá ní ọwọ́ Ràmọ́nì ni kò dáa. Ó gba Ṣakí lọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ òmíràn. Yéè! Ìyẹn náà lọ́ òwú mọ́ra.

Ó padà wálé, kò jẹun. "Ìyá Mojọlá, mi ò mọ iṣẹ́ mi mọ́." Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fara pamọ́ sunkún.

Ìyá ní, "Bàbá Mojọlá, ṣé ẹ fi ẹfun ra irin rẹ̀?"

"Ẹfun wo?"

"Áà! Ẹfun tí àwa tí à ń rànwú fi ń ra ìka, kí òwú má baà lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo máa ń fi ra irin yẹn kí n tó yí i. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Kò mọ̀! Ọdún kan gbáko ni Ìyá ti ń yí ẹ̀rọ yẹn níṣojú rẹ̀. Ẹ ò rí ọkùnrin? Ẹ̀rọ ló ń wò, kò wo ẹni tó ń yí i.

Ó nu irin ẹ̀rọ ilé wa mọ́, òwú lọ́ mọ́ ọn. Ó fi ẹfun ra á, kóró ń já bọ́ wọ̀ọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Tíṣà.

Tíṣà kọ ti ẹfun mọ́ àlàyé náà tán, ó bi í pé orúkọ ta ni kóun fi sí i.

"Èmi àti ìyàwó mi."

"Kí lorúkọ wọn?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Ìyá Mojọlá ni Bàbá ń pè é. Ó kọjú sí Ìyá, ó rọra ní, "Àsíátù. Ẹ kọ Àsíátù ṣáájú."

Èkó fọwọ́ sí i. Ìyá ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, ó máa ń ní kí n gbé ìka òun lé ibi tí orúkọ òun wà nínú ìwé àṣẹ náà.