Orúkọ Tí N Kò Lè Kọ Sínú Ìtàn

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, ìwé ìròyìn kan ń gbé ìtàn jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nípa oníṣòwò kòkó kan tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, tí a kò sì mọ ẹni tó ń fún un ní májèlé jẹ. Àwa tíṣà mẹ́ta la jọ ń kà á nílé ẹ̀kọ́ wa nítòsí Mápó. Lójijì, ìtàn náà dáwọ́ dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n parí rẹ̀.

Mo ṣètò rẹ̀ dáadáa. Mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé: apá òsì fún ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, apá ọ̀tún fún ẹni tí yóò sọ ọ́. Mo dán aládùúgbò wò, mo dán dókítà wò. Wọn kò mọ inú ilé tó. Mo wá fi ìtàn náà sí ẹnu ìyàwó ọmọ oníṣòwò, apani gan-an: "Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ Bàbá láràárọ̀."

Bàbá ni mo kọ, torí orúkọ oníṣòwò náà àti ti bàbá ọkọ mi, ọ̀kan náà ni. Ìyàwó ilé kì í pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀; n kò lè fọwọ́ mi kọ ọ́.

"Ìyàwó àtàtà!" ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé gègé ni yóò lọ sọ fún wọn nílé?"

Nílé wa ní Bẹ́rẹ̀, ara bàbá ọkọ mi kò yá láti ìgbà ọyẹ́. Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ló kọ irú rẹ̀, n óò ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá kà á yóò rò pé ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní Agódi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin rí ìwé tí mo kọ ìtàn náà sí lórí àpótí mi, ó kà á sókè fún ìyá wọn. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ wọlé, wọ́n ti jókòó ti ibùsùn Bàbá.

"Ìyàwó, Bàbá wo lò ń po ẹ̀kọ fún níbí?" ìyá ọkọ mi bi mí.

"Ìtàn ìwé ìròyìn ni, Ìyá."

"Ìwé ìròyìn náà dà?"

"A ti fi bo ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa."

"'Èmi' ló kọ o!" Àbúrò ọkọ mi fọwọ́ lu ojú ìwé náà. "Bí kì í bá ṣe Bàbá tiwa, ṣé tìtàn yẹn ò lórúkọ ni?"

Bàbá gbé orí sókè. "Dá wọn lóhùn. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Bí mo bá dákẹ́, apani ni mí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, abọ́ ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo pe orúkọ náà.

Bàbá wò mí títí. "Obìnrin tó lè pè mí lórúkọ lójú mi," ó ní, "kí ló kù tí kò lè ṣe?"

Ìyá ọkọ mi gba abọ́ náà. "Láti òní lọ, èmi ni n óò máa po ẹ̀kọ ọkọ mi."

Ó gbé e síta, sẹ́bàá ògiri. Ewúrẹ́ kan sún mọ́ ọn, ó ń lá a. Kò sẹ́ni tó lé e. Àwa obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lójú fèrèsé, à ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Èmi náà ń wò ó.