Ohùn Nàfísàt Tí Wọ́n Fi Tan Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ tí Sọ̀fíyátù gbọ́ ohùn Nàfísàt, ọmọ rẹ̀, kẹ́yìn, ọmọ náà ti wà nínú ilẹ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Òun tó bí i nìkan ni kò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó ń dirun fún oníbàárà kan ní ìsọ̀ rẹ̀ nítòsí ojú irin ní Ifo, nígbà tí Mùtàlíbù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ní Mowe, yọ sí i. Ó gbé oúnjẹ dání nínú ọ̀rá, ó sì dọ̀bálẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó mi ní n gbé èyí fún yín. Àwọn kan ló ṣe àdúà ládùúgbò wa."

"Kí Ọlọ́run gbà á o. Nàfísàt ńkọ́? Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti gbúròó rẹ̀."

"Nẹ́tíwọ̀kì ni. Ẹ gbọ́, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí yín."

Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn sì jáde: "Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú pé mi ò pè. Kò séwu o. Tí ara bá ti rọ̀ mí díẹ̀, màá pè yín." Ọmọ kan ń ké lẹ́yìn ohùn náà.

Sọ̀fíyátù bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó jókòó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ayọ̀ fa ìpàkọ́ mi tu." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mùtàlíbù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní èrò ń dúró de òun, ó bá tirẹ̀ lọ. Sọ̀fíyátù tú ọ̀rá, ó jẹ mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀, ó tún yìn ín pé ẹni tó sè é mọ oúnjẹ.

Kí ni ì bá fura sí? Ohùn ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi ń gbé pọ̀. Sọ̀fíyátù kò mọ̀wé kà. Nàfísàt ní tirẹ̀ jẹ́ tíṣà ìṣirò. Ibafo ló ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ kí òun àti Afọlábí, ọkọ rẹ̀, tó ṣí lọ sí Kìgálì ní ilẹ̀ Rùwáńdà. Láti ibẹ̀ ló ti ń fi ohùn ro gbogbo ayé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Màámi, ilẹ̀ ibí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́jú. Tí iyọ̀ bá tán nílé, òkè lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó rí i rà." Ó ní ọlọ́kadà wọn kì í gbéra àfi bí èrò bá dé akoto. "Gèlè yín yẹn, níbo lẹ máa tì í sí?" Bí ilé ìwé bá gba ìsinmi, òun àti ọkọ rẹ̀ á gbé Ummulkhair, ọmọ wọn, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etí adágún Kífù, tàbí kí wọ́n kọjá ààlà lọ sí Kàǹpálà. Ohun tí wọ́n rí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sè jẹ bí iṣu, kò ní fi ọ̀kan pamọ́. Sọ̀fíyátù tí kò kọjá Abẹ́òkúta rí ti fi etí rìn dé gbogbo ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bí Ummulkhair, kò rọ́nà lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá ló ń wẹ ọmọ tuntun, kò sì jẹ́ kí ọ̀nà jíjìn gba iyẹn lọ́wọ́ òun. Orí fóònù ló ti wẹ̀ ẹ́. "Fọwọ́ gbá ìpàkọ́ rẹ̀ mú. Na apá rẹ̀ dáadáa. Jù ú sókè, kò ní já bọ́, ojo!" Ọmọ á máa ké ní Kìgálì, ìyá àgbà á máa rẹ́rìn-ín ní Ifo. Igbe yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí Mùtàlíbù wá, Sọ̀fíyátù ń ya irun ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró gbọn-in. Igbe yẹn gan-an ló gbọ́ lánàá. Bẹ́ẹ̀ Ummulkhair ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Tí wọ́n bá nà án nísinsìnyí, á ké tán, á sọ ẹni tó na òun, á sì rojọ́ tirẹ̀. Nàfísàt tún ti lóyún lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyún náà kò tíì tó bí. Ọmọ tuntun wo ló ń ké? Ohùn àtijọ́ ni, ohùn ìgbà tí Nàfísàt ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí ló dé tí wọ́n fi wá ohùn àtijọ́ jáde?

Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun ìdajì, ó gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Ibogun, ó forí lé Mowe.

Bẹ́ńṣì àyálò kún iwájú ilé Mùtàlíbù. Ìyàwó rẹ̀ rí Sọ̀fíyátù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná," ni Mùtàlíbù wí.

"Mi ò jókòó. Ọmọ ta ló ń ké lẹ́yìn ohùn ọmọ mi?"

Mùtàlíbù fa bẹ́ńṣì kan sún mọ́ ọn.

"Ìwọ tí gbogbo gáréèjì ń bẹ̀ pé kó o panu mọ́, òní lo wá mọ̀ ọ́n dákẹ́?"

Mùtàlíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Nàfísàt lọ, tòun toyún. Wọ́n ti sin ín sí Kìgálì lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn ti wí. "Ẹ̀yin náà lẹ́jẹ̀ ríru. Ẹbí ní a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Mo wá sí Ifo lánàá kí n lè sọ ọ́, ẹnu mi ò gbà á. Ẹ sì ń béèrè rẹ̀, ni mo bá tẹ ohùn kan tó fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù mi nígbà tó bí Ummulkhair."

"Ẹnu rẹ ò gbà á, lo wá fi ohùn òkú kí ìyá òkú? Èmi tí mi ò ní ìwé kankan ju ohùn ọmọ mi lọ?" Ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn bẹ́ńṣì. "Kí lẹ fi ìwọ̀nyí ṣe?"

"Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni. Àná, láàárọ̀."

Sọ̀fíyátù fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. "Mọ́ínmọ́ín yẹn."

Ìyàwó Mùtàlíbù bú sẹ́kún. "Mi ò rò ó jinlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní gbogbo ayé ń jẹ, ẹ̀yin nìkan ò rí jẹ."

"Oúnjẹ ọ̀fọ̀ ọmọ mi lẹ gbé wá fún mi! Mo jẹ ẹ́, mo tún yìn ín!"

Kò sunkún. Ìbínú kò jẹ́ kí ẹkún ráyè. Ó ní kí wọ́n pe Afọlábí fóun.

"Afọlábí, mi ò bá ọ jà. Sọ ibi tó o tẹ́ ọmọ mi sí fún mi. Òkè wo nínú gbogbo òkè yẹn?"

"Màámi..."

Mùtàlíbù já fóònù gbà. "Èèwọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi! Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ."

"Èèwọ̀? Nígbà tí mò ń jẹ sàárà ọmọ mi, níbo lèèwọ̀ yín wà? Ibi tí a sin ìwọ́ ìdodo ọmọ yẹn sí lẹ́yìn ilé wa, bí ẹ bá di mi lójú, màá rìn dé ibẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti gba ìyókù lẹ wá ní n má mọ̀?"

Afọlábí ṣì ń pè é. Á gbé fóònù fún Ummulkhair, ọmọ náà á sì sọ fún ìyá àgbà pé Mọ́mì lọ sí ìrìn-àjò, Mọ́mì máa ra nǹkan bọ̀. Sọ̀fíyátù á di ẹnu rẹ̀ mú, torí kì í ṣe òun ló yẹ kó túfọ̀ fún ọmọ olọ́mọ lórí fóònù. Bí baba ọmọ bá gba fóònù padà, ìbéèrè kan náà ni Sọ̀fíyátù máa ń bi í. Afọlábí á ní ẹbí ti kìlọ̀ fún òun.

Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì sọ ibi tí Nàfísàt wà fún un.