Ẹ̀yìn Ìjàpá àti Ẹ̀yìn Ọ̀nì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga tó ìdajì òfì tí ìyá bàbá mi fi ń hun aṣọ, mo gbà pé ìjàpá ni ẹranko tó gbọ́n jù láyé, mo sì gbà pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń pàlọ́ àfi Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà, ẹ ó rántí bí ayé ti rí. Kò tíì pẹ́ tí àwọn òyìnbó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ọ̀nà tí a ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwa ọmọdé kò tíì rìn kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé.

Òórùn aró ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Iye Àgbà, ń hun aṣọ, ó sì ń pa á láró fúnra rẹ̀. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Iṣẹ́ tiwa ni kí a máa ṣa kóró kúrò nínú òwú. Ọmọ tó bá fi kóró sílẹ̀ sínú òwú, etí rẹ̀ ni Iye Àgbà yóò fà bí ẹni ń ran òwú, títí ọmọ náà yóò fi rò pé etí òun ti tó aṣọ í hun. Èyí tó bá sùn nídìí iṣẹ́ á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, a ó sì máa bi í bóyá ó ti rí ọ̀run.

Tí alẹ́ bá lẹ́, a ó jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà tí a rin tí ó ń yọ̀, epo pupa tó léfòó lórí rẹ̀, ẹja gbígbẹ tí wọ́n rún sí i tí òórùn èéfín rẹ̀ ń jáde. A ó fi ìka nu abọ́ títí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ kò fi ní rí iṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹja gbígbẹ yẹn ló mú Omíyalé wá sílé wa. Láti Èfìrè, létí ọ̀sà, ni ìyá rẹ̀ ti ń kó ẹja wá, ní ọjà dé ọjà, ọ̀dọ̀ Iye Àgbà ló sì ń wọ̀ sí. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé obìnrin náà fa ọmọ rẹ̀ lé Iye Àgbà lọ́wọ́, kí ó kọ́ aṣọ híhun. Ẹgbẹ́ mi ni ọmọbìnrin náà. Ó dúdú, ọrùn rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń lọ sílẹ̀. Àwa ọmọ agboolé kò jẹ́ kó sinmi.

“Ọmọ ẹja! Ẹ máa bu omi sí i lára o, kó má baà gbẹ!”

Kò sunkún rí. Yóò kàn wò wá láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin ará oko,” ni yóò wí, “èyí tó ti kú, tó ti gbẹ, nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò tíì rí ẹja.”

Ní ilé wa, èèwọ̀ ni kí ènìyàn pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí Iye Àgbà ti máa ń sọ ọ́ nìyí: “Ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni yóò fi san án.” A bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ ìjàpá kí oòrùn tó wọ̀, a ó fi ọwọ́ bo ẹnu, a ó sì wo sánmà bóyá oòrùn gbọ́.

Kò sí ẹni tó rántí láti sọ fún Omíyalé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn wà ní àtàrí, Iye Àgbà wà nídìí ìkòkò aró ní ẹ̀yìnkùlé, àwa sì ń ṣa òwú. Láìṣe ìkìlọ̀ kankan, Omíyalé ní, “Àlọ́ o.” Ó yẹ kí a sá. A kò sá. Ẹnìkan dáhùn pé “Ààlọ̀,” ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń jí ẹran jẹ.

Ó ní ọmọ kan bọ́ sínú ọ̀sà kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀nì kan gbé e há ẹnu, ó sì ń wẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú rí i, wọ́n kó ọ̀kọ̀ jáde, wọ́n ń sọ ọ́ lù ú lẹ́yìn. Wọ́n ń kígbe pé kí ó sọ̀rọ̀, kí ó wí ohun tí ó fẹ́ fi ọmọ náà ṣe. Bí ó bá la ẹnu láti fèsì, omi yóò wọlé, ọmọ yóò kú. Ó pa ẹnu mọ́. Omíyalé wá dá orin rẹ̀, ó sì kọ́ wa ní ègbè tí ọ̀nì ń dá nínú ikùn:

*Ọ̀nì, dá wa lóhùn!*
*Omi ò tíì tán.*
*Ọ̀nì, gbé ọmọ fún wa!*
*Omi ò tíì tán.*

A ń gbè é, ọ̀kọ̀ sì ń bà á lẹ́yìn, ó sì ń wẹ̀ bọ̀ wá sí èbúté, nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Iye Àgbà ni. Aró dúdú ti kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

“Ta ló ń pàlọ́ lábẹ́ oòrùn?”

“Èmi ni, Iye.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní ìyá ni?”

“Mo ní in. Òun ló pa á fún mi.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Iye Àgbà sọ fún un ohun tí àlọ́ ọ̀sán ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pa á. Mo ń wo ojú Omíyalé bí ó ti ń gbọ́ ọ. Òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ ọjà dé, ìyá rẹ̀ kò wá. Ọjà mìíràn tún dé, kò wá. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ààrò, wọn kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ tó: “Ọmọ yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ o.” Láti ọjọ́ náà ni Omíyalé kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. A bú u, kò fèsì. A pè é ní ọmọ ẹja, kò wò wá. Nínú ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, yóò ṣa ẹja sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, yóò sì máa wò ó títí oúnjẹ yóò fi tutù. Ó jọ pé ó di ohun kan sí ẹnu tí kò gbọdọ̀ bọ́.

Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Bùráímọ̀, àbúrò rẹ̀, ń kírun ní tirẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ọ̀kan, ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà mú kí wọ́n jọ lọ bá ìyá wọn.

“Iye,” ni Bùráímọ̀ wí, “ọ̀sán ni alùfáà wa sọ ìtàn Ànábì Músá fún wa, tí ìyá rẹ̀ gbé sínú apẹ̀rẹ̀ sórí omi.”

“Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa náà sọ ọ́ fún wa,” ni bàbá mi wí. “Mósè ni tiwa. Ọ̀sán gangan ni.”

“Ìtàn nìyẹn,” ni Iye Àgbà dáhùn. “Ẹni tó wà rí ni wọ́n ń sọ. Ti ìjàpá, ti ọ̀nì, àlọ́ ni. Ẹ má fi ẹ̀sìn dà mí lórí rú.”

Ó padà sídìí òfì rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bèèrè láìwẹ̀yìn: “Ọmọ inú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ó yè?”

Àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ó yè, Iye.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Iye Àgbà ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun kò lè máa wo ojú ọmọ náà mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá kú, kí àwọn lọ rí sàréè. Bí kò bá kú, kí àwọn lọ rí i. Èmi ni ó mú láti ru iṣu. A gba Awà, a gba Òrù, a rìn títí ẹsẹ̀ mi fi lé ròrò. Omíyalé ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn rí.

Títí di òní, n kò mọ bí n óo ti sọ ohun tó ṣe mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀sà. Nínú igbó ni wọ́n bí mi. Kò sí ibi tí mo wò rí tí igi kò dá ojú mi dúró. Mo wá rí ibi tí ilẹ̀ ti tán, tí ojú mi ń lọ tí kò sì rí ohun tí yóò gbà á. Mo rò pé sánmà ló wó lulẹ̀. Mo di aṣọ Iye Àgbà mú, mo sì rí i pé òun náà di èjìká mi mú.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Èfìrè, awakọ̀ dá àjẹ̀ rẹ̀ dúró lójijì. “Ẹ dákẹ́,” ló wí, ó sì nawọ́ sí etí ẹrẹ̀. Ọ̀nì kan wà níbẹ̀, ó gùn ju igi tó wó lọ. Ó la ẹnu, eyín rẹ̀ funfun báláú nínú oòrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tíntìntín ń rákò níwájú rẹ̀. A rí i tó rẹ ẹnu sílẹ̀, tó fi eyín wọ̀nyẹn ṣa wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹyin, tó pa ẹnu dé, tó sì rọra wọ inú omi. Ó dé ibi tó jìn díẹ̀, ó tún la ẹnu, àwọn ọmọ náà sì ń wẹ̀ jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.

“Ẹ rí i, Iye?” Omíyalé ni. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀. “Màmá mi kò purọ́ fún mi.”

Iye Àgbà ṣì ń wo ibi tí ọ̀nì náà gbà wọ omi.

Oòrùn wà ní àtàrí nígbà tí a sún mọ́ èbúté. Lábẹ́ àwọn igi àgbọn, àwọn obìnrin jókòó sídìí àwọ̀n tó ya, wọ́n ń tún un ṣe, àwọn ọmọdé sì yí wọn ká. Ohùn obìnrin kan ń bọ̀ láti àárín wọn, ó ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gbè é: *Omi ò tíì tán.*

Omíyalé kò dúró kí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ó bẹ́ sómi, omi mù ún dé àyà, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì ya á lọ.

Ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n fi ewé dì í. Sobìyà ló yọ sí i lẹ́sẹ̀, tí kò jẹ́ kó lè rìn wá sọ́jà. Ó di ọmọ rẹ̀ tó tutù rinrin mọ́ra, ó ń bi í pé kí ló dé. Iye Àgbà dúró tì wọ́n, ẹrù wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

“Ò ń pàlọ́,” ló wí. “Lọ́sàn-án.”

“Iye, ìgbà wo ni ká tún pa á?”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Òru ni àwọn ọkọ wọn ń pẹja. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Èfìrè dákẹ́. Wọn kì í pàlọ́, wọn kì í kọrin, wọn kì í gún nǹkan lódó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀sà, igbe ẹni tó wà nínú omi kì í ju ohùn ẹ̀fọn lọ kó tó dé ilẹ̀; ẹni tó ń pariwo kò ní gbọ́ ọ. “Ẹni tó bá pàlọ́ lóru níbí,” ló wí, “ọkọ ẹlòmíràn ni yóò fi san án.”

Iye Àgbà sọ ẹrù kalẹ̀. Ó jókòó lórí òkìtì àwọ̀n, ó sì wo ọ̀sà fún ìgbà pípẹ́. “Ní tiwa,” ló wí níkẹyìn, “oko ló ni ọ̀sán. Bí àlọ́ bá gba ọ̀sán, ebi ni yóò máa gbè é lálẹ́.” Ó yíjú sí ìyá Omíyalé. “Ọ̀nì yẹn. Nígbà tó dé èbúté, kí ló ṣe?”

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà ṣe jókòó lábẹ́ oòrùn gbọ́ ìparí àlọ́. Ọ̀nì gun ilẹ̀, ó la ẹnu, ọmọ náà sì jáde láìní ojú ọgbẹ́ kan. Ojú ọ̀kọ̀ tí wọ́n sọ lù ú ló di kókó kókó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dòní. Mo ronú kan ẹ̀yìn ìjàpá wa, tí ó fọ́ nítorí ọ̀kánjúwà. Ẹ̀yìn méjì tó rí gbágungbàgun. Ọ̀kan ń sọ ohun tí ẹni tó ni ín fẹ́ gbà, èkejì ń sọ ohun tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ kó sọnù.

Omíyalé bá wa padà, ó kọ́ aṣọ híhun. Nígbà tí a dàgbà, ó di aya mi.

Mo kàwé, mo di tíṣà, mo sì rí àlọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nínú ìwé. Mo rí ti àwọn Haúsá, níbi tí aláǹtakùn ti ń ṣe iṣẹ́ ìjàpá; mo rí ti ilẹ̀ Gíríìkì àti ti Íńdíà. Kò sí èyí tí mo kà tí n kò bi ara mi pé: ìgbà wo ni wọ́n ń pa á, kí sì ni wọ́n ń ṣọ́?

Lónìí, rédíò ń sọ ìtàn láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́sàn-án, ó ń sọ ọ́ lálẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún wọn pé ẹnìkan lè fi ìyá rẹ̀ san án. N kì í bá wọn jà. Àlọ́ tí wọ́n ń gbọ́ pọ̀ ju tiwa lọ, kò sì sí èyí tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ọ̀sán ni Omíyalé kú, nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ó ní kí n pàlọ́ ọ̀nì fún òun, mo sì pa á. Ó ń gbè é, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i: *Omi ò tíì tán.* N kò tíì mú ọ̀nì dé èbúté nígbà tí n kò gbọ́ ègbè mọ́.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n pa rédíò. Àwọn ọmọ rò pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí n fẹ́ ariwo, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rìn nítorí mi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣà Èfìrè ni mo ń pa mọ́. Ẹni wa kan wà lójú omi.