Lẹ́tà ìdánwò ọkọ mi tó lo ọjọ́ méje lórí pẹpẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdánwò akáńtáǹtì tí ọkọ mi ti ń kàwé fún láti ọdún méjì, àná ni wọ́n ṣe é, kò sì sí níbẹ̀.

Lẹ́tà tó máa sọ ọjọ́ rẹ̀ fún un ló ń retí. Tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní rélùwéè, á yà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ béèrè.

Lẹ́tà ọ̀hún ti wá sílé. Èmi ni mo gbà á, mo sì gbé e fún ìyá ọkọ mi.

Màmá ní, "Ìyàwó mi, má tíì sọ fún un. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ méje gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íléṣà."

Òní ni Màmá gbé e dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkọ mi já a, ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun taṣọ iṣẹ́.

"Màmá, àná ni."

"Àná kẹ̀?"

"Ta ló gba lẹ́tà yìí?"

Kí n tó lanu, Màmá ní, "Èmi ni. Dákun, ọmọ mi."

Ó ní òun á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ṣé kí n jẹ́wọ́, kí Màmá di onírọ́, àbí kí n panu mọ́?